Bí Iṣu Ṣe Ti Inú Igbó Bọ́ Sínú Ebè ní Ilẹ̀ Bantè àti Savalou

Ní nǹkan bí 4,500 ọdún sẹ́yìn, ọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí í dá ní ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Benin lónìí. Nígbà tó fi máa di 3,400 ọdún sẹ́yìn, igbó kìjikìji tó tẹ́ lọ láti ìhà Gánà dé Nàìjíríà ti já ní àárín, ọ̀dàn sì ti gba àyè rẹ̀. Lougba àti ilẹ̀ Bantè tó yí i ká ń bẹ níbi tí ọ̀dàn àti igbó etí odò ti pààlà. Ìtàkùn tí yóò yè nírú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní láti to oúnjẹ pamọ́ sábẹ́ ilẹ̀ de ẹ̀ẹ̀rùn. Iṣu igbó wà lára àwọn tó yè.

Wíwá ni wọ́n ń wá a kí ẹnikẹ́ni tó gbìn ín. Bí ewé bá pọ́n, tí ìtàkùn gbẹ, awaṣu a tọ ìtàkùn náà dé ìdí. Iṣu yìí ń wọlẹ̀ jìn, gbòǹgbò ẹlẹ́gùn-ún sì bo orí rẹ̀; kòtò tó mu èèyàn dé itan kò ju ohun tí wọ́n lè gbẹ́ nítorí ẹyọ kan. Wọn a gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, wọn a sì fi yẹ̀pẹ̀ bo orí padà kó lè tún hù. Èyí tí wọ́n mú lọ sílé, wọn a sun ún nínú eérú gbígbóná tàbí kí wọ́n sè é. Ìbátan rẹ̀, èsúrú igbó, kò rọrùn bẹ́ẹ̀, torí oró ń bẹ nínú rẹ̀: àfi kí wọ́n gé e wẹ́wẹ́, kí wọ́n rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n da omi náà nù, kí wọ́n tó gbé e kaná.

Nínú bíbo orí iṣu yẹn ni oko iṣu ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n gbé orí náà kúrò nínú igbó wá sínú ebè nítòsí ilé ni ọ̀nà iṣu igbó àti ti iṣu oko pínyà, ìgbà náà sì ni iṣu di ohun tí a ń jogún.

Láti nǹkan bí ọdún 1500, ọkọ̀ àwọn Pọtogí ń gbé irúgbìn Amẹ́ríkà wá sí etíkun: àgbàdo ṣíwájú, gbágùúdá tẹ̀lé e. Gbágùúdá lè dúró nínú ilẹ̀ di ìgbà tí a bá fẹ́ ẹ, nítorí náà iṣẹ́ tí iṣu igbó ń ṣe nígbà ìyàn bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ogun dá apá kan iṣẹ́ náà padà fún igbó. Láyé àwọn ọba Dáhòmì, Gezo (1818–1858) àti Glele (1858–1889), ẹ̀ẹ̀rùn ni ọmọ ogun Dáhòmì ń ya wọ ilẹ̀ Máhì àti ti Nàgó, lásìkò tí iṣu wà ní àká. Ẹni tó sá gun òkè kò lè ru àká dání.

Ìtàkùn mìíràn wà tó ti oko sá wọ igbó: lọ́dún 1876, àwọn ará Jàpáànù gbé ìtàkùn kudzu, tí wọ́n ń fi gbòǹgbò rẹ̀ ṣe ìyẹ̀fun nílé, lọ síbi ìpàtẹ ńlá ní Philadelphia. Ìjọba Amẹ́ríkà fi í dáàbò bo ilẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1935, ó sì yọ ọ́ kúrò lára irúgbìn tó ń dámọ̀ràn lọ́dún 1953, nígbà tí ó ti sá kúrò lóko bo igi àti ilé mọ́lẹ̀. Iṣu ti ilẹ̀ wa ń rin òdìkejì ọ̀nà yẹn, láti igbó wá sí oko. Béhanzin, ọba Dáhòmì tó jẹ lẹ́yìn Glele, bọ́ sọ́wọ́ Faransé lọ́dún 1894. Ọkọ̀ ojú irin láti Cotonou dé Savè lọ́dún 1911, iṣu tí wọ́n ń gbìn jẹ nílé sì rí ọ̀nà dé ọjà etíkun.

Dáhòmì gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé lọ́dún 1960, ó di Benin lọ́dún 1975. Lọ́dún 2003, àwọn onímọ̀ méjì, Mignouna àti Dansi, tẹ ìwádìí wọn jáde, ó sì hàn pé àwọn àgbẹ̀ Nàgó àti Fọn kan ṣì ń sọ iṣu igbó di iṣu oko. Ọdún 3 sí 6 ni iṣẹ́ náà ń gbà: wọn a gbìn ín, wọn a wà á lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún, wọn a ṣa èyí tó bá sanra, títí ara iṣu yóò fi yí padà. Lọ́dún 2019, àwọn onímọ̀ tó yẹ àbùdá iṣu 167 wò, ti igbó àti ti oko, fi hàn pé inú igbó ni iṣu funfun ti jáde wá, láàárín ìlà-oòrùn Gánà àti ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ilẹ̀ Bantè bọ́ sí àárín gbùngbùn ibẹ̀.

Savalou ń ṣe ọdún iṣu tuntun ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ lọ́dọọdún, a sì ń gún iyán káàkiri ìlú. Ní ìgbèríko, kajú ń gba ilẹ̀ tí wọ́n máa ń fi sílẹ̀ kó sinmi, ẹni tó bá fẹ́ orí iṣu igbó sì ní láti wá a lọ sí etí odò.