Dáńfó, òtútù Jámánì àti omi tó ń bẹ́ páìpù

1. Ṣé ẹ ti gbàgbé ìgò omi sínú fírísà rí? Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìgò ti fọ́. Tí omi bá di yìnyín, ó máa ń fẹ̀ sí i ní nǹkan bíi 9%. Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tó jẹ́ ká rí dáńfó. Ẹ bá mi ká lọ 🧵

2. Láyé àtijọ́ ní Yúróòpù, omi ló ń mú ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ mọ́tò tutù. Tí òtútù bá dé, awakọ̀ á tú omi inú rédíétọ̀ dà nù lálẹ́, á bu òmíràn sí i láàárọ̀. Ẹni tó bá gbàgbé, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ lè sán.

3. Lọ́dún 1934, lábẹ́ ìjọba Hitler, Ferdinand Porsche gba iṣẹ́ àtiṣe mọ́tò olówó pọ́ọ́kú. Ọ̀pọ̀ ẹni tó máa rà á ò níbi tí wọ́n lè gbé e sí lálẹ́, ìta ló máa sùn. Ni wọ́n bá ní kí afẹ́fẹ́ máa mú ẹ́ńjìnnì ẹ̀ tutù. Afẹ́fẹ́ kì í dì.

4. Irú ẹ́ńjìnnì yẹn ni Volkswagen gbé sẹ́yìn bọ́ọ̀sì kékeré kan ní 1950. Òun ló wá di dáńfó l'Ékòó. Inú oòrùn là ń gun ọkọ̀ tí wọ́n torí òtútù ṣe! Àbí ẹ ò rí nǹkan?

5. Láti 1951, ilé iṣẹ́ Westfalia ń sọ bọ́ọ̀sì yìí kan náà di ilé tó ń rìn: bẹ́ẹ̀dì, kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tó yá, táǹkì omi àti pọ́ọ̀ǹpù náà dé. Omi tí wọ́n lé kúrò nínú ẹ́ńjìnnì tún gba ẹnu ọ̀nà wọlé 😩

6. Ọgbọ́n àwọn awakọ̀ àtijọ́ ló ṣì ń ṣiṣẹ́. Tí ọkọ̀ bá fẹ́ dúró nínú òtútù, ẹ tú táǹkì dà nù, àti ẹ̀rọ tó ń gbé omi kaná. Ẹ ṣí gbogbo táàpù, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ní ṣíṣí. Tí ẹ bá máa sùn nínú ẹ̀, ẹ rọ omi sínú kẹ́ẹ̀gì, kó wà lọ́dọ̀ yín níbi tó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ má rọ ọ́ kún dé ẹnu.

7. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí: oògùn tí wọ́n ń dà sí rédíétọ̀ kí omi má bàa dì sábà máa ń ní ethylene glycol. Ó dùn lẹ́nu, ó sì ń pààyàn. Kò gbọ́dọ̀ wọ páìpù omi mímu láé. Èyí tí wọ́n fi propylene glycol ṣe fún omi mímu ló wà fún ìyẹn, ẹ sì tún gbọ́dọ̀ ṣan páìpù dáadáa kí ẹ tó mu níbẹ̀.

8. Omi ò lọ́tàá, lóòótọ́ ni. Àmọ́ nínú òtútù, páìpù tó ṣófo ló ń sùn tó ń jí.