Ogún Ọmọdé Kì Í Ṣeré fún Ogún Ọdún: Ríra Ìpín Ọmọ Ìyá Ẹni Nínú Ilé Ogún ní Midrand

Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ìgbà tí ẹgbẹ́ bá tú, tàbí tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò bá gba ọ̀nà ọ̀tọ̀, la sábà máa ń gbọ́ òwe yìí lẹ́nu àgbà. Ohùn arò ni ọ̀pọ̀ fi ń pa á, àfi bíi pé ìpínyà gan-an ni àrùn. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Òwe náà kò sọ pé àwọn ọmọ náà jà, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ohun tó wí ni pé eré àjọṣe lópin, bó ti wù kó dùn tó. Ẹni tó bá mọ̀ pé òpin ń bọ̀ ló lè múra dè é. Mi ò sì rí ibi tó yẹ ká ti lo ìmọ̀ yẹn ju orí ilé tí òbí fi sílẹ̀ fún ọmọ méjì tàbí mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ ká mú Midrand ṣe àpẹẹrẹ. Ó wà láàárín Johannesburg àti Pretoria, lẹ́bàá òpópónà N1, ọdún 2000 ló sì bọ́ sábẹ́ ìjọba ìlú Johannesburg. Ọ̀pọ̀ ilé tó wà ní Vorna Valley, Noordwyk àti Carlswald, báńkì ló yá onílé lówó rà á. Òfin South Africa kò ní kí àjèjì má ra ilé, nítorí náà Yorùbá tó bá ríṣẹ́ níbẹ̀ lè rà, kó máa san bọ́ǹdì, ìyẹn gbèsè ilé, lóṣooṣù. Àwọn ọmọ á dàgbà. Ọ̀kan á dúró ti òbí, èkejì á lọ sí London tàbí Toronto. Nígbà tí òbí bá papòdà, ẹni tó wà nílé á máa gbé inú ilé, ẹni tó wà lẹ́yìn odi á máa ronú pé èwo gan-an ni tòun níbẹ̀. Wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ sábẹ́ ẹ̀rín fún ọdún púpọ̀.

Nílé wa, ọ̀nà méjì la fi ń pín ogún ẹni tí kò ṣe ìwé ìhágún: ìdí-igi, tí àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ ẹ̀ka kan, àti orí-ò-jorí, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gba ti orí rẹ̀. Ẹjọ́ kan jẹ́ ká mọ èyí tó borí: Suberu Dawodu kú ní Èkó, ó fi ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyàwó mẹ́rin. Adájọ́ Jibowu tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ ogún rẹ̀ fara mọ́ orí-ò-jorí, ó ní òun ló bá ayé òde òní mu. Federal Supreme Court yí ìdájọ́ yẹn padà ní 1958, Privy Council ní London sì fọwọ́ sí ìyípadà náà ní 1962: ìdí-igi ṣì ni òfin Yorùbá, ọ̀nà mẹ́rin ni kí wọ́n pín in sí.

Ilé tó wà ní Midrand kò mọ ìdí-igi. Òfin ilẹ̀ tí ilé wà ni ilé ń tẹ̀ lé. Bí olóògbé kò bá ṣe ìwé ìhágún, òfin Intestate Succession ti 1987 ni yóò sọ̀rọ̀: ọkọ tàbí aya tó kù láyé á gba iye tó dọ́gba pẹ̀lú ìpín ọmọ kan, tàbí 250,000 ráńdì bí ìyẹn bá pọ̀ jù, àwọn ọmọ á sì pín ìyókù ní ọgbọọgba. Kò sí àkọ́bí, kò sí àbíkẹ́yìn, kò sí ọkùnrin, kò sí obìnrin. Lábẹ́ òfin ìbílẹ̀ ibẹ̀, àkọ́bí ọkùnrin ló máa ń kó ogún, títí di ìgbà tí ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin orílẹ̀-èdè náà fagi lé e nínú ẹjọ́ Bhe ní oṣù kẹwàá 2004. (Inú mi máa ń dùn pé Yorùbá ti ṣíwájú níbí yìí: nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole ti 1908, ilé ẹjọ́ Èkó gbà pé ọmọ obìnrin lè jẹ́ olórí ẹbí.) Bàbá oníyàwó méjì tó bá fẹ́ kí ilé rẹ̀ ní Midrand tẹ̀ lé ìdí-igi, àfi kó kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún nígbà tó wà láyé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọni lára jù lọ ni àkókò. Ìgbà tí ogún kò tíì kúrò lọ́wọ́ Master, òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́ gíga tó ń bójú tó ogún, ló dára jù láti ra ìpín ọmọ ìyá ẹni. Bí ohun tí òkú fi sílẹ̀ bá ju 250,000 ráńdì lọ, Master á fún ẹnì kan ní ìwé àṣẹ alábòójútó ogún. Ẹni yẹn á polówó nínú Gazette ìjọba àti ìwé ìròyìn, á fún àwọn tí òkú jẹ ní gbèsè ní ọgbọ̀n ọjọ́, á kọ ìṣirò ogún, ìṣirò náà á sì wà nílẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún kí ẹni tó bá fẹ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò. Láàárín gbogbo èyí ni àwọn ajogún lè fọwọ́ sí àdéhùn àtúnpín: ẹnì kan gba ilé, ó fún àwọn yòókù lówó. Bí Master bá gbà á wọlé, ilé á bọ́ láti orúkọ òkú sí orúkọ ẹni tó gbà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní Deeds Office, ibi tí wọ́n ti ń forúkọ ilé sílẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ kí ìwé ilé wọ orúkọ àwọn méjèèjì ná, ìgbà méjì ni agbẹjọ́rò máa ṣe ìwé, ìgbà méjì ló máa gbowó. Ajogún kì í san transfer duty, owó orí tí ẹni tó ra ilé máa ń san, lórí ohun tó jogún. Ẹni tó bá padà wá ra ìpín èkejì lẹ́yìn náà ti di olùrajà bíi ti gbogbo ayé lójú SARS, àjọ tó ń gba owó orí ní South Africa. Kódà nínú àdéhùn àtúnpín, bí owó ìdọ́gba bá ti àpò ara ẹni wá, tí kì í ṣe inú ogún, kí wọ́n bi agbẹjọ́rò léèrè ohun tí SARS máa sọ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i.

Ká ní ilé náà tó 1,800,000 ráńdì lọ́jà, tí bọ́ǹdì sì ku 600,000. Ohun tó kù láti pín jẹ́ 1,200,000, ọmọ méjì á ní 600,000 kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó fẹ́ dúró nínú ilé gbọ́dọ̀ rí 600,000 san fún èkejì, kó sì tún gbé 600,000 ti báńkì rù. Gbèsè 1,200,000 nìyẹn lórí ẹni tó rò pé ìdajì ilé lòun rà, báńkì á sì yẹ owó oṣù rẹ̀ wò dáadáa kó tó gbà. Iye tí òfin là kalẹ̀ fún alábòójútó, bí ìwé ìhágún kò bá sọ òmíràn, sì jẹ́ ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Orí 1,800,000 ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀, wọn kì í yọ gbèsè kúrò: 63,000 ráńdì. Kí àwọn méjèèjì jókòó ti ìṣirò yìí kí ẹnikẹ́ni tó dá iye kan. Iye tí ìjọba ìlú kọ sínú ìwé owó orí ilé lè má bá iye ọjà òní mu, nítorí orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń gba owó orí, wọn ò ṣe é fún títà. Ẹ pe ẹni tó mọ iye ilé ní àdúgbò náà, kí ẹni tó wà ní London pe tirẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ wá fi ìwé méjèèjì síra wọn. Ohun tí a bá jọ wò, gígún ní í gún.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ìnáwó. Ẹni tó ń gbé inú ilé ti ra táǹkì JoJo nígbà tí omi kò yọ mọ́, ó ti gbé inverter síbẹ̀ nítorí iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ó ti tún òrùlé ṣe. Èkejì ní òun ò ran an níṣẹ́, pé ọdún mẹ́ta ló fi gbé ilé náà láìsan kọ́bọ̀. Òótọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Owó tí kò bá sí ilé á bàjẹ́, bí òrùlé tó ń jò, ó tọ́ kí àwọn tó ni ilé jọ ru ú. Owó ìgbádùn kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ó fi yàrá kan háyà, ìpín èkejì wà nínú owó háyà yẹn. Kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú rìsíìtì, nítorí Johannesburg kò ní jẹ́ kí ilé yí orúkọ padà láìsí ìwé ẹ̀rí pé wọn ò jẹ owó omi àti owó orí ilé, bí ilé bá sì wà nínú ọgbà onígéètì, àwọn alákòóso ọgbà náà á béèrè tiwọn.

Àwọn kan á ní: kí ni gbogbo ìwé yìí láàárín ọmọ ìyá? Ẹ wo ẹjọ́ Rahube. Mabopane, ní àríwá Pretoria, ni ilé náà wà. Arábìnrin kan ti ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹbí rẹ̀ láti àwọn ọdún 1970. Ní 1988, ìwé ilé bọ́ sí orúkọ arákùnrin rẹ̀, nítorí òfin ìgbà yẹn ka ọkùnrin sí olórí ilé. Òfin kan ní 1991 sọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ di ìní pátápátá láìbi àwọn yòókù nínú ilé ní nǹkan kan. Nígbà tó di 2009, arákùnrin náà gba ilé ẹjọ́ lọ láti lé e jáde. Oṣù kẹwàá 2018 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ náà tó sọ pé apá òfin ọ̀hún kò bá òfin orílẹ̀-èdè mu. Ọgbọ̀n ọdún ló wà láàárín ìwé yẹn àti ìdájọ́ yìí. Ó dùn mí, nítorí ẹbí kan ni wọ́n, nínú ilé kan náà.

Bí àdéhùn bá kùnà, òfin South Africa kò fi ẹnikẹ́ni sínú ìdè: ẹni tó bá ní ìpín nínú dúkìá lè ní òun ò fẹ́ àjọni mọ́, ilé ẹjọ́ á sì tú u ká. Ìdájọ́ Robson àti Theron ní 1978 jẹ́ kó yé wa pé adájọ́ ní ààyè púpọ̀ láti yan ọ̀nà tó tọ́: ó lè gbé ilé fún ẹnì kan kó san owó fún èkejì, ó sì lè ní kí wọ́n lù ú ní gbàǹjo. Àwọn baba wa ò jìnnà sí èyí: nínú ẹjọ́ Lopez ní Èkó ní 1924, ilé ẹjọ́ gbà pé òun lè pín ilé ẹbí nígbà tí inú ẹbí kò bá rọgbọ mọ́. Ṣùgbọ́n owó gbàǹjo kì í sábà tó owó ọjà, ìyà rẹ̀ sì ń jẹ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò pọ̀.

Ó kù ti ẹni tí wọn ò lè sanwó fún lẹ́ẹ̀kan. Bí àbúrò bá bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé òun á san án ní ọdún márùn-ún, kí ẹ̀gbọ́n gbà, ṣùgbọ́n kó ní kí wọ́n forúkọ bọ́ǹdì sílẹ̀ lórí ilé náà fún òun ní Deeds Office, kó má fi í sí ẹnu lásán. Kí àbúrò má sì bínú sí i: bí àbúrò fúnra rẹ̀ bá kú lọ́la, ìwé yẹn ni yóò bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ẹ̀gbọ́n bá ń gbé òkè òkun, tí ìpín tó ń tà sì ju mílíọ̀nù méjì ráńdì lọ, ẹni tó rà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún fún SARS, nítorí náà kí àbúrò tètè sọ fún un, kó má baà rò pé wọ́n gé owó òun.