Ìfilọni Ìdájọ́: Òfin Ìlàjà Kan Ní Ilé-Ẹjọ́ Amẹ́ríkà

A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òwe yìí ni àwọn àgbà Yorùbá fi ń rọ àwọn tí ń jà pé kí wọ́n gba ìlàjà kí ọ̀rọ̀ tó dé iwájú adájọ́. Ìbàjẹ́ ọ̀rẹ́ ni òwe náà ń bẹ̀rù. Àwọn tí wọ́n ṣe òfin Amẹ́ríkà náà wá ọ̀nà tí ẹjọ́ fi lè parí láìjẹ́ pé a rò ó títí dé òpin, ṣùgbọ́n àpò owó ni wọ́n gbé e kà, kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ìfilọni ìdájọ́ ni a lè pe ọ̀nà náà. Ìtàn rẹ̀ fi hàn pé òfin tí a ṣe nítorí àlàáfíà lè di ẹrù wúwo lórí ẹni tí a ṣẹ̀, bí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ bá yí padà.

Àwọn ìpínlẹ̀ bíi New York, Minnesota àti Montana ti ní irú òfin bẹ́ẹ̀ kí ìjọba àpapọ̀ tó tẹ́wọ́ gbà á. Ní 1934, ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà fún Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní àṣẹ láti ṣe ìlànà kan náà fún gbogbo ilé-ẹjọ́ àpapọ̀, lórí ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn. Ìlànà náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1938. Òfin 68 nínú rẹ̀ ni ti ìfilọni ìdájọ́.

Báwo ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́? Olùjẹ́jọ́ ni ó ń kọ̀wé sí olùpẹ̀jọ́ pé òun gbà kí a dá iye owó kan lé òun lórí. Ọjọ́ 10 ni olùpẹ̀jọ́ ní láti fi rò ó nígbà náà. Láti 2009 ni ó ti di ọjọ́ 14. Bí ó bá gbà, akọ̀wé kóòtù yóò kọ ìdájọ́ náà sílẹ̀, ẹjọ́ sì tán. Bí ó bá kọ̀, tí ìdájọ́ tí ó gbà nígbẹ̀yìn kò sì sàn ju ohun tí a ti fi lọ̀ ọ́, òun ni yóò ru ìnáwó ẹjọ́ láti ọjọ́ náà lọ. Olùpẹ̀jọ́ kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀ lórí olùjẹ́jọ́.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin yìí kò fi bẹ́ẹ̀ ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Ní Amẹ́ríkà, oníkálukú ni ó sábà máa ń san owó lọ́yà tirẹ̀. Owó ìwé àti owó ẹlẹ́rìí ni ìnáwó ẹjọ́, kò sì tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ní 1976, òfin tuntun kan sọ pé bí ẹnìkan bá jàre nínú ẹjọ́ ẹ̀tọ́ aráàlú, adájọ́ lè ní kí ẹni tí ó jẹ̀bi san owó lọ́yà rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ara ìnáwó ẹjọ́. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni ó dá ọ̀ràn sílẹ̀.

Ní 1981, ẹjọ́ Delta Air Lines àti August kọ́kọ́ dán òfin náà wò. Òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ òfurufú kan sọ pé nítorí ẹ̀yà òun ni a ṣe lé òun lẹ́nu iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ náà fi $450 lọ̀ ọ́. Ó kọ̀ ọ́, kò sì jàre. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Òfin 68 kò kàn án, nítorí ìdájọ́ tí olùpẹ̀jọ́ gbà ni òfin náà ń sọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, olùjẹ́jọ́ gbogbo ì bá máa fi owó táṣẹ́rẹ́ lọni kí ó lè di ẹrù ìnáwó ru ẹlòmíràn.

Ẹjọ́ Marek àti Chesny tẹ̀ lé e ní 1985. Ní ìpínlẹ̀ Illinois, àwọn ọlọ́pàá mẹ́ta lọ síbi tí a ti ń jà nínú ilé kan, wọ́n sì yìnbọn pa ọkùnrin kan. Baba rẹ̀ pè wọ́n lẹ́jọ́. Wọ́n fi $100,000 lọ̀ ọ́, pẹ̀lú owó lọ́yà nínú rẹ̀, baba kọ̀. Ìgbìmọ̀ jùrì dá a láre, wọ́n sì fún un ní $60,000. Ìnáwó àti owó lọ́yà tí ó ti jẹ ṣáájú ìfilọni náà jẹ́ $32,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ $92,000: ó fi $8,000 dín sí ohun tí ó kọ̀. Lẹ́yìn ìfilọni náà, ìnáwó àti iṣẹ́ lọ́yà ti gbé ohun tí ó ju $139,000 lọ mì. Ta ni yóò san án?

Adájọ́ mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án, tí Burger tí í ṣe olórí wọn kọ ìdájọ́ fún, dáhùn pé níwọ̀n ìgbà tí òfin 1976 ti ka owó lọ́yà mọ́ ìnáwó ẹjọ́, àwọn ọlọ́pàá náà kò jẹ ẹ́. Wọ́n ní ìlàjà ni Òfin 68 ń fẹ́, kò sì ṣe ojúsàájú. Brennan àti adájọ́ méjì mìíràn kò gbà. Wọ́n tọ́ka sí i pé àwọn òfin kan ka owó lọ́yà mọ́ ìnáwó ẹjọ́, àwọn mìíràn kò kà á mọ́ ọn. Ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ lásán ni yóò wá máa pinnu ẹni tí yóò jìyà. Wọ́n tún ní ẹni tí a tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú yóò máa bẹ̀rù láti dúró de ìdájọ́.

Ọ̀rọ̀ ìhà méjèèjì ní ìwọ̀n. Kò yẹ kí iṣẹ́ lọ́yà gbé owó tí ó ju èrè ẹjọ́ lọ mì nígbà tí ọ̀nà ìlàjà ṣí sílẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí a fi owó lọ baba yìí, kò tí ì mọ ohun tí ìgbìmọ̀ jùrì yóò sọ. Bí lọ́yà bá sì mọ̀ pé òun lè jàre kí òun má gbowó iṣẹ́, yóò ṣòro fún tálákà láti rí ẹni gba ẹjọ́ rẹ̀ rò.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn. Ìlànà ẹjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1999 fún olùpẹ̀jọ́ náà láyè láti fi àdéhùn lọ olùjẹ́jọ́. Bí ìyẹn bá kọ̀, tí ìdájọ́ sì tó bẹ́ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè san èlé àti àfikún ìnáwó. Ní Amẹ́ríkà, a dábàá ní 1983 àti ní 1984 pé kí a tún Òfin 68 ṣe, ṣùgbọ́n àwọn àbá náà kò di òfin. Títí di òní, olùjẹ́jọ́ nìkan ni ó lè lò ó, ìdájọ́ 1985 sì dúró. Àgbà tí ń parí ìjà nílé a máa gbọ́ tẹnu ẹni méjèèjì kí ó tó dárúkọ ohun tí yóò tẹ́ wọn lọ́rùn. Lábẹ́ Òfin 68, ẹnu ẹnìkan ni iye náà ti ń jáde, ẹnìkejì ni ó sì ń ru ewu kíkọ̀ rẹ̀.