Láti Ọwọ́ Olùkọ́ sí Ọwọ́ Ọmọ: Ìtàn Àwòrán Atò-èrò Nínú Ìkọ́ni Àkàyé ní Ilé-ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Ìfáárà

Àkàyé kò túmọ̀ sí pé kí ọmọ kàn lè pe ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu. Gbogbo àwa tí a ti jókòó sẹ́yìn kíláàsì rí, tí a ń wo akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ nígbà ìdánrawò ìkọ́ni, la mọ ọmọ tó ka ojú ewé kan já geere, tí kò kọsẹ̀ níbì kankan, ṣùgbọ́n tí a bi í pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀ nínú ohun tí o kà yìí?" tó wá ń wo òkè àjà. A tún mọ káádíbọ́ọ̀dù tó máa ń wà lára ògiri lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀: róbótó ńlá kan láàárín, àwọn róbótó kéékèèké yí i ká, ìlà pupa àti aláwọ̀ ewé so wọ́n pọ̀. Olùkọ́ ló yà á lálẹ́ àná. Ó dùn ún wò, alábòójútó a sì fún un ní máàkì lórí ohun èlò ìkọ́ni. Àwọn ọmọ a dà á kọ sínú ìwé wọn, aago a lù.

Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni Òyìnbó ń pè ní graphic organizer. Nínú ìwé yìí, àwòrán atò-èrò ni a ó máa pè é, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti to èrò inú àyọkà sójú kan, kí ọmọ lè fi ojú rí bí ọ̀kan ṣe bá èkejì tan. Ìbéèrè tí a gbé wá síwájú ìpàdé yìí kò ju ọ̀kan lọ: ta ló yẹ kó yà á, nígbà wo sì ni? A ó gba ojú ìtàn wò ó, torí pé àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí gan-an ti gba ọ̀nà tí à ń gbà lónìí kọjá, wọ́n sì ti ṣẹ́rí padà níbẹ̀ láti ohun tó lé ní ogójì ọdún sẹ́yìn.

Ohun tó kọ́kọ́ wà kì í ṣe àwòrán

Ní 1960, David Ausubel, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde. Èrò rẹ̀ ni pé ènìyàn kì í kọ́ ohun tuntun sórí òfìfo. Ohun tó ti wà nínú ọpọlọ tẹ́lẹ̀ ni tuntun máa ń rọ̀ mọ́. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ka àyọkà tó le, kí olùkọ́ kọ́kọ́ fún un ní àlàyé kúkúrú kan tó gbòòrò ju àyọkà náà lọ, tí yóò dà bí èèkàn tí a ó so àwọn kókó inú rẹ̀ mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló fi dán an wò, àyọkà nípa irin ni wọ́n sì kà. Kò sí àwòrán kankan níbẹ̀. Kò sí ọmọ kékeré níbẹ̀ pẹ̀lú, ó sì yẹ ká fi èyí sọ́kàn.

Richard Barron, ní Yunifásítì Syracuse, ló sọ èrò yìí di àwòrán ní 1969. Ó ṣa àwọn ọ̀rọ̀ pàtàkì inú àyọkà jọ, ó tò wọ́n bí igi tó yọ ẹ̀ka: ọ̀rọ̀ tó gbòòrò jù lókè, àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀. Olùkọ́ ló ń ya á, kí kíkà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó rí i pé káádíbọ́ọ̀dù ara ògiri tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè, ọmọ bíbí inú ọdún yẹn ni.

Ṣùgbọ́n Barron fúnra rẹ̀ kò dúró síbẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1974, ìwádìí tí òun àti ẹnì kejì rẹ̀ ń ṣe ti yí padà: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló wá ń ya àwòrán náà, lẹ́yìn tí wọ́n bá kàwé tán. Ní 1984, David Moore àti John Readence kó àwọn ìwádìí tó ti wáyé lórí ọ̀rọ̀ yìí jọ, wọ́n sì ṣírò wọn pọ̀. Lápapọ̀, àǹfààní tí wọ́n rí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ó pọ̀ sí i níbi tí wọ́n ti lo àwòrán náà lẹ́yìn kíkà ju ibi tí olùkọ́ ti gbé e kalẹ̀ ṣáájú lọ, ó sì ṣe àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́ lóore ju àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Ohun kan wà níbẹ̀ tó pa wá lẹ́rìn-ín díẹ̀: àwọn olùkọ́ tó ya àwòrán sọ pé ara àwọn balẹ̀, pé àwọn ti múra sílẹ̀ dáadáa fún iṣẹ́. Ó dá wa lójú pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tó to èrò ni ó ń lóye. Bó bá jẹ́ olùkọ́ ló tò ó lálẹ́ àná, olùkọ́ ló ti ṣe àkàyé.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ

Ẹ̀ka mìíràn wà nínú ìtàn yìí tí a kì í sábà mẹ́nu bà ní kíláàsì wa, bẹ́ẹ̀ òun ló súnmọ́ ọmọ kékeré jù. Ní Yunifásítì Cornell, ní 1972, Joseph Novak àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ wà nínú ìṣòro. Wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní àti ìkejì ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, wọ́n sì fẹ́ mọ bí òye wọn yóò ṣe máa dàgbà láti ọdún dé ọdún. Wọ́n fọ̀rọ̀ wá àwọn ọmọ náà lẹ́nu wò, wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀, àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì pọ̀ débi pé wọn ò rí orí rẹ̀, wọn ò rí ìdí. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ kókó inú ọ̀rọ̀ tí ọmọ fẹnu ara rẹ̀ sọ, wọ́n ń kọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ń fi ìlà so wọ́n pọ̀, wọ́n sì ń kọ ọ̀rọ̀ sórí ìlà kọ̀ọ̀kan láti fi bí wọ́n ṣe tan hàn. Báyìí ni concept map ṣe bẹ̀rẹ̀. Olùwádìí ló di kálàmù mú, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹnu ọmọ ló ń tẹ̀ lé.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn náà ni Dolores Durkin ti Yunifásítì Illinois lọ jókòó sínú kíláàsì, tó ń wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ní ìwé kíkà. Àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1978 sí 1979. Nínú ìṣẹ́jú 4,469 ẹ̀kọ́ ìwé kíkà tó wò ní kíláàsì kẹrin, ìṣẹ́jú 20 péré ni olùkọ́ fi kọ́ ọmọ bí a ṣe ń lóye ohun tí a kà. Ìbéèrè ló kún ibẹ̀: olùkọ́ bi, ọmọ dáhùn, olùkọ́ ní ó gbà tàbí kò gbà. Wọ́n ń dán òye wò, wọn ò kọ́ òye. Amẹ́ríkà ni Durkin wà o, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbọ́ "Ẹ dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí" rí lẹ́yìn àyọkà yóò mọ ibi tí a ń lọ.

Iṣẹ́ Durkin mú kí ọ̀pọ̀ wá ọ̀nà tí ọmọ yóò fi lè ṣe nǹkan pẹ̀lú àyọkà. Donna Ogle gbé àtẹ olópòó mẹ́ta rẹ̀ jáde ní 1986: ohun tí mo mọ̀, ohun tí mo fẹ́ mọ̀, ohun tí mo ti kọ́. Àtẹ yìí dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sì fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ òpó kẹta ló sábà máa ń ṣófo nígbà tí aago bá lù. Ní 2000, ìgbìmọ̀ National Reading Panel ní Amẹ́ríkà ka àwòrán atò-èrò àti àtẹ ìtàn mọ́ àwọn ọ̀nà ìkọ́ni àkàyé tí ẹ̀rí wà fún.

Àtẹ ìtàn àti àlọ́

Àtẹ ìtàn ni a fẹ́ dúró lé lórí, torí òun ló bá kíláàsì kejì àti ìkẹta mu jù. Láàárín 1975 sí 1979, David Rumelhart, Jean Mandler, Nancy Stein àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ṣàlàyé pé ìtàn ní egungun: ẹni tó wà níbẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ìṣòro tó dé, ohun tí wọ́n ṣe sí i, bó ṣe parí. Ní 1981, Isabel Beck àti Margaret McKeown ní kí olùkọ́ ya egungun yìí, kó sì ti ibẹ̀ fa ìbéèrè yọ, kí ìbéèrè má baà jẹ́ ìṣákìíṣá.

Ọmọ tó ti gbọ́ àlọ́ ti ní egungun yìí nínú etí kó tó mọ A yàtọ̀ sí B. Ẹ jẹ́ ká mú àlọ́ Ìjàpá àti àsèjẹ. Yánníbo, aya Ìjàpá, kò bímọ. Ìjàpá lọ bá babaláwo, ó se àsèjẹ fún un, ó sì kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Òórùn ọbẹ̀ náà borí Ìjàpá lọ́nà, ó jẹ ẹ́, ikùn rẹ̀ wú. Ó padà tọ babaláwo lọ, ó ń kọrin ẹ̀bẹ̀, ó sì ń purọ́ pé gbòǹgbò ló yọ òun ṣubú.

A wà nínú kíláàsì kejì kan nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ kan ń fi àlọ́ yìí kọ́ àkàyé. Àtẹ ti wà lójú pátákó, ó ti kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀ pátá. Níwájú "ìṣòro", ó kọ pé: Yánníbo kò bímọ. Ọmọbìnrin kan dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ikùn Ìjàpá tó wú ni ìṣòro." Ọmọkùnrin kan ní rárá, ìyẹn kò ní ṣẹlẹ̀ ká ní Yánníbo ti bímọ. Ariwo sọ. Olùkọ́ fi ṣọ́ọ̀kì lu pátákó, ó ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n kọ ohun tó wà níbẹ̀. Kò sí àkàyé mìíràn lọ́jọ́ yẹn ju èyí tí àwọn ọmọ méjèèjì ṣe lórí ìdúró. Àwọn méjèèjì ló sì tọ̀nà: ìṣòro méjì ló wà nínú àlọ́ náà, ọ̀kan ló bí èkejì, ọfà kan láti àpótí kan sí èkejì ni ìbá parí ìjà.

A kò dá olùkọ́ náà lẹ́bi. Bí a ṣe kọ́ ọ ló ṣe ṣe é. Fọ́ọ̀mù tí a mú lọ́wọ́ bèèrè bóyá ohun èlò rẹ̀ hàn ketekete, bóyá ó láwọ̀. Kò bèèrè ohun tó wà nínú ìwé ọmọ.

Ọ̀rọ̀ èdè náà wà níbẹ̀. Láti 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, àyàfi Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí a fi wọ́n wé gba Yorùbá fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan. Àwọn ọlọ́dún mẹ́fà kò rẹ̀yìn, Gẹ̀ẹ́sì gan-an wọn ò pàdánù. Àwa tí à ń kọ́ni lẹ́yìn odi ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ pé èdè mẹ́rin lè wà lórí bẹ́ǹṣì kan. Níbẹ̀ ni àwòrán yìí ti wúlò jù, torí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í pọ̀. Ọmọ lè fi Haúsá, Nupe tàbí Yorùbá bá ẹnì kejì rẹ̀ jiyàn lórí ibi tí ọfà yóò gbà, kí ó sì kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo sínú àpótí.

Ohun tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í dán wò pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kò gba owó. Kò sí káádíbọ́ọ̀dù. Wọ́n ń gé bébà ìdánwò àtijọ́ sí wẹ́wẹ́, àwọn ọmọ mẹ́rin á gba wẹ́wẹ́ mẹ́fà, wọ́n á kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i tàbí kí wọ́n yà á, wọ́n á tò ó sórí tábìlì, wọ́n á sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ọfà. Olùkọ́ á máa rìn ká, á máa bèèrè pé, "Kí ló dé tí èyí fi wà níbí?" Ìṣòro tó kù ni àkókò. Ìṣẹ́jú márùndínlógójì kò gba kíkà àti títò pa pọ̀, nítorí náà a ti ní kí wọ́n pín in sí ọjọ́ méjì: kí wọ́n ka àyọkà ní ọjọ́ Ajé, kí wọ́n sì to wẹ́wẹ́ bébà ní ọjọ́rú, lẹ́yìn tí ọmọ kan bá ti sọ ìtàn náà lẹ́nu láì ṣí ìwé.