Olùkọ́ Tó Fi Ọdún Pípẹ́ Kọ́ni Ní Ìtọ́jú Eyín

Ọ̀rọ̀ eyín la mú wá lónìí, ìtàn la ó sì fi sọ ọ́.

Tí wọ́n bá ní ká lọ rí dókítà eyín, ọ̀pọ̀ wa a máa rò pé yíyọ ni wọ́n fẹ́ yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ní 1913, ní ìlú Bridgeport ní Amẹ́ríkà, dókítà eyín kan, Alfred Fones, dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láti kọ́ àwọn obìnrin ní iṣẹ́ mìíràn: kí wọ́n máa fọ eyín aráàlú mọ́, kí wọ́n sì máa kọ́ wọn bí eyín kò ṣe ní bàjẹ́.

Iṣẹ́ yìí ni Esther Wilkins, tí wọ́n bí ní 1916, kọ́ ní ìlú Boston, tó sì parí ní 1939. Ó tún padà sí ilé ẹ̀kọ́, ó di dókítà eyín ní Yunifásítì Tufts ní 1949, nígbà tí obìnrin ṣọ̀wọ́n nínú iṣẹ́ náà. Síbẹ̀, kò pa iṣẹ́ àkọ́kọ́ tì. Ní nǹkan bí 1950, ó lọ sí Yunifásítì Washington ní Seattle láti dá ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ ọ sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ tó ń ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ níbẹ̀ ló di ìwé ńlá ní 1959, ìwé tí wọ́n ṣì ń fi kọ́ni títí dòní. Ó padà sí Tufts, ó sì kọ́ni níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó pé 100 ọdún ní oṣù Kejìlá 2016, oṣù yẹn náà ló sì papòdà.

Báwo ló ṣe ń kọ́ni? Kí irin tó kan eyín, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìlera ẹni tó jókòó síwájú yín. Ó ya orí ọ̀tọ̀ sọ́tọ̀ nínú ìwé rẹ̀ fún aláboyún, fún àgbàlagbà, àti fún alátọ̀gbẹ. Ó sì tẹnu mọ́ ọn pé ẹ kọ́ ẹni náà ní ohun tí yóò máa ṣe nílé, torí ìdọ̀tí tí a fọ̀ kúrò lónìí tún ń padà wá.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ọ̀rọ̀ wa nìyí. Oyún a máa jẹ́ kí èrìgì wú, kó sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Àtọ̀gbẹ a máa ba èrìgì jẹ́, èrìgì tó bàjẹ́ náà a sì máa jẹ́ kó ṣòro láti kápá ṣúgà. Ọjọ́ ogbó nìkan kọ́ ló ń ká eyín àgbà. Àìsàn èrìgì tí a kò tọ́jú wà lára ohun tó ń fà á.

Nítorí náà:
• Ẹ fọ eyín ní àárọ̀ àti kí ẹ tó sùn, pẹ̀lú ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride.
• Tí èrìgì bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ má ṣe dá fífọ̀ dúró. Ẹ rọra fọ̀ ọ́, kí ẹ sì lọ rí dókítà eyín.
• Ẹ sọ fún un bí ẹ bá lóyún, àti oògùn tí ẹ ń lò.
• Ẹ má dúró dìgbà tí eyín bá ń dunni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á sétí àwọn tí kò lè kàwé, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín. Eyín wa kò ní ká o.