Àwọn Adákàwé: Ìtàn Ìdánwò Láìwọ Kíláàsì ní Nàìjíríà

Ìpìlẹ̀ àṣà kí ènìyàn dá kàwé nílé, kí ó sì lọ jókòó ṣe ìdánwò pẹ̀lú àwọn tí olùkọ́ kọ́, wà ní ìlú London. Ní 1858, Yunifásítì London gba ìwé àṣẹ tuntun tó fàyè gba àwọn ọkùnrin tí kò wọ kọ́lẹ́jì kankan láti wá ṣe ìdánwò oyè. Ní 1878, ó ṣí oyè rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn obìnrin náà. Báyìí ni ìkọ́ni àti ìdánwò ṣe di iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó ń dánni wò kò bèèrè ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti rí ìmọ̀ rẹ̀. Ohun tó bá kọ sínú ìwé ìdáhùn ni wọn yóò fi ṣe ìdájọ́. Ìlànà yìí tẹ̀ lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dé àwọn ilẹ̀ tó ń ṣàkóso, Nàìjíríà kò sì gbẹ́yìn.

Ìdí tó fi rí ẹsẹ̀ walẹ̀ ní Nàìjíríà kò ṣòro láti mọ̀. Láti 1859 tí ìjọ CMS ti dá ilé-ẹ̀kọ́ girama sílẹ̀ ní Èkó, irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó rẹ̀ sì ga ju agbára ọ̀pọ̀ òbí lọ. Ìwé mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń dúró, tí wọn yóò sì wá iṣẹ́ akọ̀wé tàbí ti tíṣà kékeré. Ẹni tó bá fẹ́ oyè ní láti wọkọ̀ òkun lọ sí ìlú òyìnbó, tàbí kí ó lọ sí Fourah Bay ní Sierra Leone, tó ti ń kọ́ni fún oyè Yunifásítì Durham láti 1876. Kọ́lẹ́jì gíga Yaba tí ìjọba dá sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1930 kì í fúnni ní oyè yunifásítì. Ìwé-ẹ̀rí tirẹ̀ ló ń fúnni, èyí sì bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú. Nígbà tí kọ́lẹ́jì yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948, akẹ́kọ̀ọ́ 104 péré ló kọ́kọ́ gbà. Dídá kàwé nílé ni ọ̀nà tó ṣẹ́kù fún ẹni tí kò lówó ọkọ̀, tí kò sì fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Àwọn kọ́lẹ́jì tó ń fi lẹ́tà kọ́ni ló ran irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Wolsey Hall bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1894, Rapid Results College sì tẹ̀ lé e ní 1928. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò san owó díẹ̀díẹ̀, wọn yóò sì fi ìwé ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí i. Yóò kà á, yóò dáhùn ìbéèrè tó wà níparí ẹ̀kọ́, yóò sì fi ìdáhùn rẹ̀ ránṣẹ́ padà. Ọkọ̀ òkun ló ń gbé lẹ́tà láàárín Liverpool àti Èkó, nítorí náà ọ̀sẹ̀ mélòó kan yóò ti kọjá kí ìwé tí olùkọ́ fi yíǹkì pupa tọ́ sọ́nà tó padà dé ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́. Nígbà yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ ti lè wà ní orí ẹ̀kọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, àṣìṣe kan náà sì ti wà nínú gbogbo wọn.

Ìfaradà ni iṣẹ́ náà gbà. Akọ̀wé yóò ti ọ́fíìsì dé nírọ̀lẹ́, yóò jẹun, yóò sùn díẹ̀, yóò sì jí lóru láti kàwé nídìí àtùpà. Àwọn kan máa ń ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù kí oorun má baà gbé wọn lọ. Àwọn mìíràn máa ń kó ara wọn jọ ní mẹ́ta-mẹ́rin láti bi ara wọn ní ìbéèrè. Ìwé ìbéèrè àwọn ọdún tó ti kọjá ṣe pàtàkì jù lọ, torí òun ló ń fi ọ̀nà tí àwọn adánniwò ń gbà bèèrè hàn. Obìnrin kò pọ̀ láàárín wọn. Ọmọbìnrin tó rí ilé-ẹ̀kọ́ lọ kéré sí ọkùnrin, iṣẹ́ ilé kì í sì í jẹ́ kí ìyàwó ilé ráyè kàwé ní alẹ́.

Lára àwọn tí ọ̀nà yìí gbé ga ni Alvan Ikoku, tó gba oyè London nínú ìmọ̀ ọgbọ́n-orí ní 1928 nígbà tó ń ṣe tíṣà ní ilẹ̀ Igbo. Àwòrán rẹ̀ ló wà lórí owó náírà mẹ́wàá. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ náà tọ ọ̀nà yìí. Bàbá rẹ̀ kú ní 1920, ìwé kíkà rẹ̀ sì di ti ìlàkàkà. Ó ṣe tíṣà, ó ṣe akọ̀wé, ó ṣiṣẹ́ ìròyìn, ó sì ṣòwò kòkó. Ní 1944 ó gba oyè London nínú ẹ̀kọ́ ìṣòwò láìkúrò ní Nàìjíríà. Ọdún yẹn náà ló wọkọ̀ lọ kọ́ ẹ̀kọ́ òfin, ó sì di lọ́yà ní 1946.

Ẹ̀kọ́ ìṣòwò àti ọgbọ́n-orí tí àwọn méjèèjì yàn bá ipò adákàwé mu. Físíìsì àti kẹ́mísìrì nílò yàrá àyẹ̀wò, kẹ́míkà àti ohun èlò tí ènìyàn kò lè rí nínú iyàrá ara rẹ̀. Ìtàn, ètò ọrọ̀ ajé, ètò ìjọba, ìmọ̀ Bíbélì, èdè Gẹ̀ẹ́sì àti òfin kò bèèrè ju ìwé àti fìtílà lọ. Ìdí kan nìyí tí Nàìjíríà fi ní lọ́yà, akọ̀wé àti oníròyìn tó dá kàwé, ṣùgbọ́n tí dókítà tàbí ẹnjiníà tó gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ fi ṣọ̀wọ́n.

Ọdún 1952 ni Àjọ Ìdánwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, WAEC, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìwé-ẹ̀rí ìwé mẹ́wàá tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ń gbà jẹ́ alákòópọ̀: ènìyàn gbọ́dọ̀ yege nínú ẹ̀kọ́ tó pọ̀ tó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdánwò GCE, tí ẹni tí kò sí nílé-ẹ̀kọ́ náà lè ṣe, yàtọ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lè ṣe ẹ̀kọ́ méjì lọ́dún yìí, kí ó ṣe méjì mìíràn lọ́dún tó ń bọ̀, títí tí yóò fi pé. Ìlànà yìí bọ́ sí àkókò tó tọ́. Ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ti ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kìíní 1955, nígbà tí àwọn ọmọ tó jàǹfààní rẹ̀ sì jáde, ilé-ẹ̀kọ́ girama kò lè gba gbogbo wọn. GCE di àtẹ̀gùn fún àwọn tó ṣẹ́kù, àti fún àwọn tíṣà tó fẹ́ wọ yunifásítì.

Lẹ́yìn òmìnira, ìwé-ẹ̀rí di kọ́kọ́rọ́ iṣẹ́ ìjọba, ojúkòkòrò sì wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ní 1977, ìbéèrè ìdánwò WAEC jò síta káàkiri, àwọn ènìyàn sì pè é ní Expo 77. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìjọba dá àjọ JAMB sílẹ̀ láti ṣe ètò ìgbàwọlé àwọn yunifásítì pọ̀ sójú kan. Nǹkan yí padà fún adákàwé níbẹ̀. Nínú GCE, ẹni tó bá dé òdiwọ̀n ti yege, iye ẹni yòówù tí ìbáà ṣe é. Nínú ti JAMB, àyè ló ní iye: ẹni tó yege pàápàá lè má rí àyè bí máàkì àwọn mìíràn bá ga ju tirẹ̀ lọ. Èyí ló sọ lẹ́sìnnì di òwò ńlá nílùú, tí ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá sì di ọjà tí kì í kùtà.

Ìjọba náà gbìyànjú láti gbé ẹ̀kọ́ àtòkèèrè kalẹ̀ nílé. Yunifásítì Èkó dá ẹ̀ka tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1974. Òfin dá Yunifásítì Gbogbogbòò, NOUN, sílẹ̀ ní 1983, ìjọba ológun dá a dúró ní 1984, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ ní 2002. Láti 2015, orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ìdánwò JAMB ti ń wáyé, nítorí náà adákàwé ní láti mọ bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ náà kún ohun tó ń kà. WAEC sì ṣì ń ṣe ìdánwò fún àwọn tí kò sí nílé-ẹ̀kọ́. GCE ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ ti yí padà.