Àtúnṣe

"Tún" àti "ṣe" ló bí ọ̀rọ̀ yìí. Bí a bá ń lò wọ́n, ohun tó bàjẹ́ ló ń jókòó sáàárín méjèèjì: "Ó tún fóònù mi ṣe." Ohun tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe ń fi irin gbígbóná àti òjé ṣe lójoojúmọ́ ní ọjà Òtìgbà, n'Íkẹjà, nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn iléeṣẹ́ kan ń fi ètò kọ̀ǹpútà de ẹ̀yà ara fóònù: ẹ pààrọ̀ ojú rẹ̀, kódà kó jẹ́ ojúlówó, apá kan lè kọ iṣẹ́. Lọ́dún 2024, ìpínlẹ̀ Oregon l'Amẹ́ríkà ṣòfin tako irú ìdè bẹ́ẹ̀. "Àtúnṣe" kan náà la ń pe àyípadà tó ń bá òfin. Bí a bá lè tún òfin ṣe, ṣé fóònù táa fowó ara wa rà ni ká má lè tún ṣe?